Afẹ́fẹ́ Ni Tàbí Bátìrì? Ẹ Bá Mi Dá Sí Ọ̀rọ̀ Yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni mo ṣẹ̀? Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, Camry ọdún 2004, irú èyí tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní Big Daddy. Táyà mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀tì márùn-ún ló sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Ogún nọ́ọ̀tì péré! N kò fẹ́ kọ́ afárá, n kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ pé mo fẹ́ hú ojú irin rélùwéè. Kí n ṣáà lè tú ogún nọ́ọ̀tì yìí nínú ọgbà ilé mi lọ́jọ́ Sátidé, kí n wo bíréèkì, kí n dá a padà, kí n fọ epo kúrò lọ́wọ́, kí n jókòó ti àmàlà mi. Ohun tí mo ń wá kò jù báyìí lọ. Òun náà ni ayé sọ di ìdánwò àṣekágbá fún mi.

Ẹ má ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà o. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń di nọ́ọ̀tì níbẹ̀? Ọ̀gá á kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí i dé ibi tó lè dé, á ki wíìlì sípánà bọ̀ ọ́, á wá fa páìpù omi kan yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, á fi wọ ọwọ́ sípánà náà kó lè gùn. Lẹ́yìn náà, á di òrùlé ọkọ̀ mú, á sì gun orí páìpù. Kì í gùn ún kó dúró jẹ́ẹ́. Á fò sókè, á balẹ̀, á tún fò. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní, "Ọ̀gá, ó ti wọlé!" Ọ̀gá á ní irọ́ ni, kò tíì wọlé. Nígbà tó bá wá sọ̀ kalẹ̀, á nu ojú, á ní, "Daddy, ẹ lè gbé e dé Sókótó báyìí." Mo lè gbé e dé Sókótó lóòótọ́. Bí táyà bá jò kí n tó débẹ̀ ni kò sẹ́ni tó máa bá mi tú u.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí ìṣirò kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Toyota ti kọ agbára tí a gbọ́dọ̀ fi di nọ́ọ̀tì táyà Camry yìí sínú ìwé: newton-metre 103. Bí ọwọ́ sípánà bá gùn ní ààbọ̀ mítà, tí èèyàn fi agbára tó fi ń gbé ẹrù kílò 21 tẹ̀ ẹ́, ó ti dé 103 nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin tó wọn kílò 75 dúró sí ìparí páìpù tó gùn ní mítà kan, ó ti lé ní 700. Ìlọ́po méje! Ìdúró lásán mà nìyẹn, n kò tíì ka fífò mọ́ ọn. Irú ìdè bẹ́ẹ̀ ló ń na bóòtì gùn, òun ló ń mú dísìkì bíréèkì tẹ̀, tí ọkọ̀ á fi máa gbọ̀n bí a bá ti ń tẹ bíréèkì. Èmi ni yóò sì san owó rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó fò.

Ìdí nìyí tí mo fi pinnu pé màá ní impact tèmi. Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí, irinṣẹ́ kan ni tó ní ọwọ́ àti ìfà bíi ti ìbọn, ẹnu rẹ̀ la ń ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀. Kì í fi ipá lọ́ nọ́ọ̀tì bí ọwọ́ wa ṣe ń lọ́ ọ. Irin wúwo kan ń yí nínú rẹ̀, irin náà á sì máa gbá irin kejì tó gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì dání, gbá-gbá-gbá-gbá, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kì í sì í gbà fún fífà, ṣùgbọ́n bó bá gba ìgbátí bíi mélòó kan, á tú. Nítorí pé gbígbá ni, kì í ṣe lílọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Ohun dáadáa ni. Ọ̀nà méjì la fi ń bọ́ ọ: afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tì mọ́nú táǹkì, tàbí bátìrì tó wà ní ìdí rẹ̀. Èwo ni kí n rà? Ìbéèrè tí mo bèèrè ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ìgbà náà ni n kò sì ti ní ìsinmi.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti bàbá onílé wa. Mo wà lórí fóònù nínú ọgbà, mò ń sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé, "Ìbọn yẹn ni mo fẹ́ rà, èyí tó lágbára dáadáa, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ló máa ṣe é." Bàbá wà lẹ́yìn fèrèsé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti rán àbúrò wọn wá bi mí bóyá ará ilé kan ló ṣẹ̀ mí. Nígbà tí àkókò owó ilé dé, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n tún ní bí kò bá pé, kí n má dààmú ara mi. Títí di òní, èrè kan ṣoṣo tí mo jẹ lórí ọ̀rọ̀ impact nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọjà. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ìsọ̀ kan kò tíì lè ju ẹni ogún ọdún lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú.

"Daddy mi, èyí ni kí ẹ gbé. 388V ni."

Mo ní, "388V? Iná tó wọ ilé mi gan-an, 230 ni."

Ó ní, "Ìdí tí mo ṣe ní kí ẹ gbé e nìyẹn, sà. Ó ju iná ilé yín lọ."

Mo gbé awò ojú mi wọ̀. Lẹ́tà F kan wà lẹ́yìn V náà, ó rọra dúró síbẹ̀ kí ojú má bàa tètè rí i: 388VF. Mo ní kí ni F ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ náà wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Fáàstì ni, sà."

Ẹ gbà mí o! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú àpò bátìrì yẹn fún yín, kí ẹnikẹ́ni má fi F já owó gbà lọ́wọ́ yín. Bátìrì lithium kéékèèké márùn-ún ni wọ́n so tẹ̀léra nínú ọ̀pọ̀ irú àpò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ volt 3.6. Ẹ fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, 18 ló máa fún yín. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ṣájà, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó 4.2, àpapọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ 21. Ilé iṣẹ́ kan á kọ 18V sí tirẹ̀, òmíràn á kọ 20V Max, ẹ̀kẹta á kọ 21V, bátìrì márùn-ún kan náà ni gbogbo wọn gbé fún wa. Kódà irinṣẹ́ DeWalt tí wọ́n ń kọ 20V Max sí ní Amẹ́ríkà, 18V ni wọ́n ń kọ sí i bó bá dé Yúróòpù. Èyí ṣì ní orí àti ìrù. Ṣùgbọ́n 88VF, 128VF, 388VF? Kí bátìrì lithium tó lè jẹ́ 388V tòótọ́, ó gbọ́dọ̀ ní kéékèèké tó lé ní 90 nínú. Bátìrì nìkan á ti wọn nǹkan bíi kílò mẹ́rin. Bí mo bá ní irú bátìrì bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀tì kọ́ ni màá fi tú, kẹ̀kẹ́ ni màá so ó mọ́, màá sì máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́.

Bí a bá fo V kọjá, agbára ìtú ló kù, níbi tí irọ́ àti òótọ́ ti jọ ń jẹun nínú àwo kan. Gbogbo impact ló ní iye méjì: iye tó fi ń di nọ́ọ̀tì àti iye tó fi ń tú u. Èyí tó fi ń tú u ló máa ń pọ̀ jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń fi lẹ́tà gàgàrà kọ. Ilé iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ méjèèjì. Milwaukee kọ ọ́ pé 2767 tirẹ̀ ń di nọ́ọ̀tì dé foot-pound 1,000, pé ó sì ń tú u dé 1,400. Àwọn tó kù á mú èyí tó tóbi nínú méjèèjì, wọ́n á yí i sí newton-metre kí ó lè tún tóbi sí i, nítorí foot-pound kan ju newton-metre kan lọ díẹ̀, 1.356 ni. Bẹ́ẹ̀ ni 1,400 ṣe ń di nǹkan bí 1,900 kí a tó dákẹ́ lẹ́nu.

Ẹ wá bi ara yín: 1,900, kí ni Camry fẹ́ fi ṣe? 103 ló bèèrè! Ìlọ́po méjìdínlógún nìyẹn. Ẹni tó bá fi irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di nọ́ọ̀tì táyà láìṣọ́ra, fọkanáísà tó ń fò lórí páìpù sàn jù ú lọ. Fọkanáísà á kúkú rẹ̀ ẹ́.

Àwọn oníafẹ́fẹ́ rèé, àwọn náà kò jẹ́ kí etí mi sinmi. Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ wà nínú wọn. Bí ẹ bá dárúkọ bátìrì níwájú wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín tó ń dun ni. Wọ́n ní ohun ìṣeré ọmọdé ni bátìrì. N kò ní purọ́ mọ́ afẹ́fẹ́, ó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìbọn afẹ́fẹ́ fúyẹ́: àwọn tó dára nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju kílò méjì lọ, nígbà tí oníbátìrì tó lágbára bíi tiwọn máa ń tó kílò mẹ́ta bí bátìrì bá wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ gbé kílò mẹ́ta sókè lábẹ́ ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, apá yín á sọ ìyókù. Oòrùn kì í ba ìbọn afẹ́fẹ́ jẹ́. Kò ní ohun tó ń darúgbó nínú rẹ̀ bíi bátìrì. Bí ẹ bá ń kán òróró sí i lẹ́nu kí ẹ tó lò ó, ó lè bá yín gbé títí àwọn ọmọ yín á fi jogún rẹ̀. Táǹkì rẹ̀ á sì máa fọn táyà, á máa fẹ́ eruku kúrò lára ẹ̀rọ, ẹlòmíràn á fi kun ọkọ̀. Gbogbo èyí, òdodo ni.

Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ìyàwó tí àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń bá a wọlé ọkọ ni ìbọn afẹ́fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í wọ́n jù. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ lé e dé, òun ló nílò yàrá tirẹ̀. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ á dé, àwọn ẹnu rẹ̀ tí a fi ń so ó pọ̀ á dé, ohun tó ń sẹ́ omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ á dé, òróró á dé. Bí ẹ bá sì ṣe ahun lórí ẹyọ kan nínú wọn, ìyàwó náà ò ní ṣiṣẹ́. Ẹ ra rọ́bà tí ihò rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́rin ínǹṣì lọ dípò èyí tó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ, afẹ́fẹ́ kò ní kọjá dáadáa, ìbọn tó yẹ kó bú ramúramù á wá máa húkọ́.

Lórí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yìí náà, wọ́n tún ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tan wá. Lára páálí ìbọn, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ 90 PSI, 5 CFM. Ẹni tó bá kà á á ní, "Áà, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré mà ti tó." Kò tó o! Nọ́ńbà 5 yẹn, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ìbọn ń mu ní ìṣẹ́jú kan, jẹ́ ti ẹni tó tẹ ìbọn fún nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú, tó wá fi ìyókù ìṣẹ́jú náà sinmi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìdáwọ́dúró, ó lè gbé 20 mì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ onílítà 50, HP méjì, irú èyí tí ẹni bíi tèmi lè ra, kò lè fọn tó bẹ́ẹ̀ jáde láéláé. Bí nọ́ọ̀tì bá ti rọ̀, ó lè ṣe táyà kan tàbí méjì. Bí nọ́ọ̀tì bá jẹ́ èyí tí fọkanáísà fò lé lórí, táǹkì á gbẹ, ìbọn á kàn máa kígbe láìṣe nǹkan kan, ẹ̀yin á wá jókòó sórí àpótí, ẹ ó máa wo ọwọ́ aago afẹ́fẹ́ bó ṣe ń gòkè ní ìdiwọ̀n-ìdiwọ̀n. Mo lè fi ọwọ́ tú nọ́ọ̀tì náà láàárín àkókò yẹn, kí n sì fi gbogbo afẹ́fẹ́ náà mí.

Omi ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ìlú wa kún fún ọ̀rinrin, pàápàá lásìkò òjò. Bí a bá tì í mọ́nú táǹkì, ọ̀rinrin náà á di omi, á sì jókòó sí ìsàlẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣí i níbẹ̀ kó jáde bí ẹ bá ti lò ó tán. Bí ẹ kò bá ṣe é, ìpẹtà á máa jẹ táǹkì láti inú wá, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Táǹkì tí ìpẹtà ti jẹ tán, tí afẹ́fẹ́ tún kún inú rẹ̀, bọ́ǹbù ni. Ṣé bọ́ǹbù ni kí n wá máa gbé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bàbá onílé tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn lẹ́nu mi?

Ẹ jẹ́ ká fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, ká sọ̀rọ̀ iná, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi ti ń dùn mí. Gbogbo àwọn tó ń jiyàn afẹ́fẹ́ àti bátìrì káàkiri àgbáyé, wọ́n ń jiyàn bí ẹni pé iná wà lára ògiri nígbàkúùgbà. HP méjì, nǹkan bíi watt 1,500 ni. Nígbà tó bá sì ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń fa ìlọ́po bíi mélòó kan ìyẹn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré aláriwo tí a ń pè ní I-pass-my-neighbour, nǹkan bíi watt 650 ni agbára rẹ̀. Kò tó HP kan, nítorí watt 746 ni HP kan! Ẹ so kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mọ́ ọn, á kú kí ẹ tó yí ojú padà. Ọ̀gá mi yẹn yá mi ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tirẹ̀ kí n fi iná ilé dán an wò. Mo tẹ̀ ẹ́. Gílóòbù rọ̀ di pupa, fáànù fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, fíríìjì kérora, ìyàwó mi sì jáde láti ilé ìdáná, ó pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ẹni tó mọ ilé Yorùbá mọ̀ pé bí ìyàwó tó ń pè yín ní Bàbá Ìbejì bá pe orúkọ yín gan-an, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti padà sílé ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sókè dé náírà 225 fún yúníìtì kan, èyí tó ti wà ní nǹkan bí 66 tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní irú àwọn bẹ́ẹ̀ á máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́. Lẹ́tà tí wọ́n fún àdúgbò tiwa jìnnà sí A. Òru ni iná tiwa máa ń dé, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti sùn. Ta ló máa tan kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lóru? Àfi ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn onílé pe ìpàdé pàjáwìrì lé òun lórí.

Ibí yìí ni bátìrì ti jàre afẹ́fẹ́, nítorí bátìrì kì í pariwo bó bá ń jẹun. Iná á dé lóru, ṣájà á gbà á, bátìrì á sì tọ́jú rẹ̀ de Sátidé. Ẹ tún bá mi ṣírò: volt 18, ampere-hour 5, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ watt-hour 90. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ HP méjì á jẹ iye iná yẹn tán kí ìṣẹ́jú mẹ́rin tó pé, táǹkì rẹ̀ lè má tíì kún. Kódà lójú owó Band A, iná tó máa kún bátìrì náà kò tó náírà 30. Ínfátà kékeré lè kún un. Páńẹ́lì oòrùn tí ọ̀pọ̀ ilé ti gbé sórí òrùlé láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023, ó lè kún un. Mo bi ọ̀gá mi pé kí ló rí sí ìṣirò yìí. Ó ní ohun ìṣeré ọmọdé ni bátìrì.

Àmọ́ kí àwọn oníbátìrì má tíì jó o, mo ní ẹjọ́ bá àwọn náà rò. Ta ló kọ́ wọn ní àṣà kí wọ́n máa ta irinṣẹ́ láìsí bátìrì nínú rẹ̀? Ẹ ó rí i pé owó rẹ̀ bójú mu, ẹ ó sáré san án, ẹ ó délé ṣí páálí, ẹ ó bá ihò ní ìdí rẹ̀. Bátìrì, owó ọ̀tọ̀. Ṣájà, owó ọ̀tọ̀. Bátìrì ilé iṣẹ́ kan kò sì ní wọ ti ilé iṣẹ́ kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé márùn-ún-márùn-ún kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti ra Makita lónìí ti fọwọ́ sí i pé dírílì tí òun máa rà lọ́dún mẹ́wàá sí i, Makita ni. Ooru náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ bátìrì lithium. Ẹ fi í sínú búùtù ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn oṣù kejì, ẹ̀mí rẹ̀ ń kúrú nìyẹn. Ẹ gbé e gbígbóná sórí ṣájà, ṣájà tó dára á kọ̀ ọ́ títí á fi tutù. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, á darúgbó, bí ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ò tọ́jú rẹ̀.

Èyí tó tún burú jù ni pé ó ṣeé yá. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ onílítà 50, kò sí aládùúgbò tó máa ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ìyẹn sí mi lórí ògiri." Ṣùgbọ́n impact oníbátìrì? Ọmọdé lè rán ọmọdé wá gbé e. "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọ́n ní ẹ bá àwọn fi ìbọn yẹn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni." Ìṣẹ́jú márùn-ún ti aládùúgbò, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bó bá padà dé, sọ́kẹ́ẹ̀tì á ti di àwátì, bátìrì á ti kú fin-ín-fin-ín, ẹni tó yá a á sì tún ránṣẹ́ pé irinṣẹ́ yín ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára.

Ní gbogbo àárín eléyìí, nǹkan tó ṣe pàtàkì jù, kò sí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi ní ìsọ̀ kankan. Kò sí ẹni tó sọ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì dídán tó wà nínú àpótí irinṣẹ́ gbogbo wa kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu impact, nítorí ó lè fọ́, kí èérún rẹ̀ sì fò sójú ẹni. Dúdú tó nípọn ni ti impact, mílímítà 21 ni ti nọ́ọ̀tì táyà Toyota yìí. Kò sí ẹni tó sọ pé títú ni impact wà fún, pé bí a bá ń dá nọ́ọ̀tì padà, ọwọ́ la fi ń kọ́kọ́ yí i wọlé, a ó dì í ní ìdojúkọra-dojúkọra, kì í ṣe ní títò yíká, lẹ́yìn náà ni torque wrench á wá parí rẹ̀. Torque wrench ni sípánà tó ń wọn agbára: ẹ yàn án sí 103, bó bá dé 103, á dún kẹ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ ó sì dúró. Bí ẹ bá ti wa ọkọ̀ náà tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ẹ tún fi yẹ̀ ẹ́ wò. Owó rẹ̀ kò tó ti impact, kò gba bátìrì, kò gba afẹ́fẹ́, kò sì béèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí oníṣòwò tó dárúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Ẹ̀yin fọkanáísà, tiyín ni afẹ́fẹ́. Ẹ ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń mu epo, tí kì í dúró de iná ẹnikẹ́ni, ojoojúmọ́ ló sì ń pa owó wọlé fún yín. Ẹ fi rọ́bà tó fẹ̀ dáadáa kún un, kí ẹ sì máa tú omi inú táǹkì dànù. Ẹ̀yin bíi tèmi tí ẹ ní ọkọ̀ kan tàbí méjì, tí iná yín ń dé lóru, bátìrì ni kí ẹ rà. 18V tó, yálà wọ́n pè é ní 20 tàbí 21. Ẹ má wá 1,900. Nọ́ọ̀tì tó le jù tí ẹ lè bá pàdé nídìí táyà Camry bíi tèmi, èyí tó di ọ̀pá ìwakọ̀ iwájú mú, 294 ni Toyota ní kí a dì í; irinṣẹ́ tó bá ń tú nǹkan bí 500 tàbí 600 ní òdodo ti tó yín í lò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà wọ̀lú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ F kúrò lẹ́yìn V, kí ẹ kọ agbára ìdì àti agbára ìtú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A mọ̀wé kà. Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ ka nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín kí ẹ tó ka èyí tó wà lára páálí.

Èmi ti ra tèmi, oníbátìrì ni, torque wrench rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, kó mú bátìrì tirẹ̀ wá.